Ọkọ̀ Mẹ́sàn-án

A kó ọjọ́ yìí jọ láti ara ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó jọ ọ́ ní etí omi Àgbádárìgì. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Aago 1:40 òru. Omi ọmọ dà. Ìyàwó jí nítorí nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó gba itan rẹ̀ lọ sínú ẹní. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtọ̀ ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ náà sí imú, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ìtọ̀. Iná kò sí. Inú yàrá ṣókùnkùn débi pé kò rí àwọ̀ omi náà. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, bátìrì rẹ̀ ku ìdá 23 nínú 100. Kò tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ń ṣọ́ bátìrì lò.

Ilé náà wà ní Gberefu, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun ńlá sí méjì. Lẹ́yìn ilé, ìgbì ń ru. Níwájú ilé, ọ̀sà dákẹ́. Iyanrìn àti igi àgbọn ló wà láàárín. Òdìkejì ọ̀sà ni ìlú wà, ibẹ̀ náà ni ọjà àti Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà. Ẹni tó bá dúró sí èbúté lóru á máa wo iná ìlú.

Aago 2:15. Ìrora àkọ́kọ́ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rọra yí wá síwájú, ó dúró díẹ̀, ó sì lọ.

"Màmá."

"Ìyàwó, ṣé kò sí?"

"Omi ti dà, mà."

Ìyá ọkọ gbé àtùpà wọlé. Ó ká ẹní tó tutù kúrò, ó tẹ́ òmíràn, ó ṣẹ́ ìró àtijọ́ kan sí mẹ́rin, ó fi sí abẹ́ ìdí ìyàwó. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ìyàwó ṣe àmín.

Oyún kejì nìyí. Àkọ́bí ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò mọ nǹkan kan. Ilé àgbẹ̀bí tó wà nítòsí ni wọ́n ti bí i, láàárín wákàtí mẹ́rin, kí àkùkọ tó kọ. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ bí méje. Gbogbo wọn ló bí sórí iyanrìn yìí, kò sí dókítà tó fọwọ́ kàn án rí. Ẹni tí nǹkan bá ti bọ́ sí i lẹ́ẹ̀meje, ó ṣòro kó tó gbà pé ẹ̀ẹ̀kẹjọ lè yàtọ̀.

Aago 3:00. Ìyàwó pe ọkọ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná lòun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ti gbé àwọ̀n wọ inú òkun. Ohùn kan nínú fóònù sọ pé nọ́ńbà náà kò lọ. Ó tún un pè. Ohùn kan náà ni. Bátìrì ti di 21.

Kò sí ẹni tó dárúkọ ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ìjọba ti ka ìrìnàjò òru lórí omi léèwọ̀ ní Èkó, gbogbo ọkọ̀ èrò sì ti so mọ́ èbúté. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sí ohun méjì tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n máa ka ìrora.

Aago 4:30. Ìrora ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìyá ọkọ ń fi ọwọ́ gbígbóná ra á lẹ́yìn. Láàárín ìrora kan àti èkejì, ìyàwó ń tòògbé.

Aago 5:50. Ojú mọ́ díẹ̀. Ìyá ọkọ yọ ìró tó wà lábẹ́ ìdí ìyàwó, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú u. Àwọ̀ kan wà lára rẹ̀. Ó rí bí omi ewédú tó ti tutù, ó dúdú díẹ̀ níbi tí ìró ti ṣẹ́ po. Obìnrin náà dúró, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló rì í sínú korobá, ó fi ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́, ó dà á nù, ó tún un fọ̀. Ó sá a sórí okùn tó so mọ́ igi àgbọn méjì.

Ó padà wọlé. Kò sọ ohun tó rí. Ìyàwó kò bi í.

Aago 6:30. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àkọ́kọ́ dún ní èbúté. Ọjọ́ ọjà Agbalata ni. Àwọn obìnrin ń kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò àgbọn àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ. Ọ̀kan nínú wọn kígbe wọ inú ọgbà: "Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ ò lọ sọ́jà ni?"

"Rárá o. Ìyàwó ń rọbí."

"Háà! Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀ o!"

Ọkọ̀ náà gbéra. Nígbà tó di 6:55, òmíràn gbéra. Nígbà tó di 7:20, òmíràn tún gbéra. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ kì í pẹ́ kún.

Aago 7:50. Ìrora ti di ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìyàwó ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀rá tó wà lórí pákó. Káàdì ìtọ́jú oyún rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìlú ló máa ń sọdá lọ láti gba ìtọ́jú náà. Níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹnikẹ́ni wò, gbogbo aláboyún á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ kọrin. Lẹ́yìn orin, nọ́ọ̀sì á bi wọ́n, wọn á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi bá dà ńkọ́? Ẹ máa bọ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa bọ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú ń ṣú? Ẹ máa bọ̀. Bí ọmọ kò bá yí nínú mọ́? Ẹ máa bọ̀. Ìyàwó yìí wà lára àwọn tó máa ń dáhùn sókè.

Ó gbé káàdì náà sórí ẹní, láàárín òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ.

"Màmá, nọ́ọ̀sì ní tí omi bá ti dà..."

"Mo gbọ́. Ọkọ rẹ ńkọ́? Tí wọ́n bá ní ká sanwó, ta ni yóò san án? Tí wọ́n bá ní ká fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n là ọ́, ṣé èmi ni n ó fọwọ́ sí i?"

Ìyàwó mú káàdì, ó dá a padà sínú ọ̀rá. Ọkọ̀ mìíràn dún kọjá lórí ọ̀sà.

Ìyá náà kì í ṣe ìkà. Ó ti rí ọmọ aládùúgbò kan tó ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ojú abẹ níkùn àti gbèsè tí wọ́n ń san títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ó ti gbọ́ àdúrà ọjọ́ Àìkú: pé kí àwọn aláboyún bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù, kí abẹ má kàn wọ́n. Ẹni tó ń ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á rò pé bí òun bá gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, àmín òun kò gbà nìyẹn. Bí ẹ̀rù abẹ ṣe ń wọ ilé wa nìyí, láti ibi tí kò sí ẹni tó ń ro ibi síni.

Aago 8:40. Wọ́n tún pe ọkọ. Kò lọ. Àkọ́bí jí, wọ́n po gààrí fún un, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń mu ún. Ẹ́ńjìnnì kan bú ní èbúté. Ọmọ náà nàka sí ibi tí ariwo ti ń bọ̀, ó ní, "Ọkọ̀."

Aago 9:10. Àgbẹ̀bí dé. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó wà nínú férémù lára ògiri ilé rẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó dúró kí ìrora kan dé, kó sì lọ. Kò sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìdí ìyàwó, ó fa ìró tó wà níbẹ̀ yọ, ó sì gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Àwọ̀ ewé náà ti ki sí i.

"Ìgbà wo ni èyí bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá ọkọ wo okùn aṣọ níta. "Láàárọ̀."

"Ẹ gbé e lọ. Ọwọ́ mi kò ká èyí." Ó tún un sọ ní èdè Ẹ̀gùn, ní kúkúrú.

"Bàbá ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Tó bá ti dé, a ó lọ."

Kò sí ẹni tó jiyàn. Àgbẹ̀bí jókòó sórí àpótí. Ó ti sọ tirẹ̀. Aago 9:30, ọkọ̀ mìíràn tún kúrò ní èbúté.

Aago 10:00. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ ìwé lórí irú wákàtí tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yìí. Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine ti Yunifásítì Columbia ní New York gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti pín ìdádúró tó ń pa àwọn ìyá sí mẹ́ta. Ìkẹta wà nínú ilé ìwòsàn, ìkejì wà lójú ọ̀nà. Èyí àkọ́kọ́ kò nílò ọ̀nà rárá, inú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Ní 2009, Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọrẹ̀: wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè máa pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíye kún un, àgbẹ̀bí tó bá mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn á gba owó. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kọ́ ni wọ́n ṣe ètò méjèèjì fún.

Aago 10:20. Ọkọ̀ kan kó àwọn ọmọ iléèwé dé láti ìlú. Aṣọ iléèwé wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n wá wo ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá sínú òkun láyé àtijọ́, ibi tí ẹni tó bá dé kì í padà. Olùkọ́ ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gba ojú ọ̀nà iyanrìn kọjá níwájú ilé, wọ́n ń kí àwọn tó wà nínú ọgbà, "Ẹ káàárọ̀ mà!" Awakọ̀ dúró díẹ̀ bóyá á rí èrò. Kò rí ẹnì kankan. Ó tan ẹ́ńjìnnì, òun nìkan jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó padà sí ìlú.

Aago 11:10. Ọkọ̀ tó gbéra kó àpò àgbọn àti èrò mẹ́ta. Ìrora ti di ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìyàwó ti dẹ́kun kíké. Ó ń fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú.

Aago 11:25. Ó gbé ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ máa ń ta sí. Ó dúró kí ìrora kan kọjá, ó tún dúró kí òmíràn kọjá. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ìka tẹ ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi tútù, ó mu ún, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ pé omi tútù lè jí ọmọ. Ó tún gbé ọwọ́ síbẹ̀. Nǹkan kan mì, díẹ̀ báyìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Aago 11:50. Ọkọ̀ kan dún. Ó fetí sí i títí ariwo rẹ̀ fi kú lórí omi.

Aago 12:05. Ìyàwó dìde. Ó di ògiri mú, ó ró ìró mìíràn, ó sì so ó le. Ó mú ọ̀rá káàdì. Ó mú ọ̀rá kejì tí aṣọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Bátìrì fóònù ku mẹ́rin.

"Mo ń lọ, mà."

"Lọ síbo?"

"Ilé ìwòsàn."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, àgbẹ̀bí ti dìde, ó ti gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ dúró láàárín yàrá. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè, ó sáré bọ́ síta, ó fa ìró òwúrọ̀ yẹn yọ lórí okùn. Ó ti gbẹ. Ó ká a mọ́ abíyá, ó tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀nà èbúté kò jìn, ṣùgbọ́n iyanrìn gbóná, ó sì rọ̀. Ìyàwó dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, igi àgbọn ló dì mú. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òdìkejì. Wọ́n dúró dè é.

Aago 12:34. Ọkọ̀ gbéra. Jákẹ́ẹ̀tì ààbò kò lè so yí ikùn rẹ̀ ká, wọ́n fi kọ́ ọ léjìká. Awakọ̀ kò dúró de èrò mìíràn, kò sì gba owó. Ó ń yí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ewéko tó léfòó kí ó má baà dí ẹ́ńjìnnì. Àgbẹ̀bí jókòó sẹ́yìn ìyàwó, ó fi àyà gbà á dúró.

Aago 12:46. Wọ́n gúnlẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ márùwá kan ní kí èrò tó wà nínú kẹ̀kẹ́ òun jọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀. Èrò náà sọ̀kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Aago 1:02 ọ̀sán. Gééètì ilé ìwòsàn.

Aago 1:07. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó béèrè ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè owó. Nọ́ọ̀sì gbé agogo onígi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn, ó fi etí sí i, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn ọmọ inú máa ń lù tó 110 sí 160 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì ka 68. Ó gbé agogo náà sí ibòmíràn, ó tún un kà. Ó ka 64. Ó pe dókítà láìgbé orí sókè.

Lẹ́yìn náà ló wo ìró abẹ́ rẹ̀. "Ọmọ ti ṣu sínú omi." Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ ló ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn kò ju pé ọmọ ti gbó lọ. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ ti ń dínkù ni, ara sì ti ń ni ín. Ẹni tó ní irinṣẹ́ láti gbọ́ ọkàn rẹ̀ lemọ́lemọ́ nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i, mà?"

Ìyá ọkọ tú ìró tó wà ní abíyá rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. "Aago mẹ́fà kù díẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì: 5:50 òwúrọ̀.

Aago 1:15. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ara ti ṣí tán, orí ọmọ sì ti sọ̀kalẹ̀. Kò sí ìdí láti là á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa orí ọmọ wá.

Aago 1:31. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Kò ké. Àwọ̀ ewé ti wọ èékánná rẹ̀ àti ìwọ́ rẹ̀. Wọ́n nù ún, wọ́n ra á lẹ́yìn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n fi ìbonu kékeré bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan ń kà sókè. Ẹnì kan fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọn kò dáwọ́ dúró.

Aago 1:51. Wọ́n dáwọ́ dúró.

Ìyá ń mí dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kò dà jù. Abẹ kò kàn án.

Aago 2:20. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó bímọ sí. Fún ọmọ tí wọ́n bí ní òkú, irú méjì ni ìwé náà yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ti ń bó, tó fi hàn pé ó ti kú nínú ṣáájú. Èkejì ni ọmọ tí awọ rẹ̀ pé, tó fi hàn pé kò tíì pẹ́ tó kú. Èkejì ni nọ́ọ̀sì fàmì sí. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ọmọ ni wọ́n ń bí ní òkú lọ́dọọdún, àti pé ó lé ní 40 nínú 100 wọn tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyá ń rọbí lọ́wọ́ ni wọ́n kú.

Aago 3:40. Ọkọ̀ apẹja gúnlẹ̀ sí etíkun. Fóònù ọkọ wà nínú ọ̀rá méjì tí wọ́n dì pọ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ó tan án. Àwọn aládùúgbò ti ń dúró dè é lórí iyanrìn.

Aago 4:50. Ó dé ilé ìwòsàn, iyọ̀ òkun ṣì wà lára apá rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé e wá? Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dúró?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwọ là ń dúró dè."

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará Gberefu wá kí wọn. Gbogbo wọn ló gbà pé omi ló fà á. Wọ́n ní bí afárá bá wà lórí ọ̀sà ni, ọmọ náà ì bá yè. Ó wù wá kí afárá wà. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé dé gééètì ilé ìwòsàn, pẹ̀lú iyanrìn, ọ̀sà àti kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú 57 ni. Ká tilẹ̀ yọ gbogbo òru kúrò, láti ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbéra títí ìyàwó fi dìde, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 35 ni. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló kúrò ní èbúté láàárín àkókò náà. Ọ̀kan nínú wọn ṣófo.